Ilé adìyẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìnkùlé mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kan ilé fún adìyẹ 6, n kò sì kan irú rẹ̀ rí. Báwo ni kí ó ṣe tóbi tó?

Èsì 1: Ẹ fún adìyẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú àti 2 lóròó. Ìtẹ́ 2 ti tó, nítorí inú ẹyọ kan ni gbogbo wọn yóò ṣáà máa dù láti yé sí.

Èsì 2: Àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í dá ẹranko dúró; mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyẹ́ nílẹ̀ àti ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ ògiri. Àwọ̀n onírin líle tí ojú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ ínṣì lọ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1.

Èsì 3: Kí ojú afẹ́fẹ́ ga ju igi tí wọn yóò máa sùn lé lọ.