"Ipa kẹ̀kẹ́ àfidánwò": ìdí tí mi ò fi fara mọ́ "àdánwò"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè. Orúkọ là ń wá fún ọ̀nà tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere lójú títì fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n lè wò ó bóyá yóò dín ìjàǹbá kù. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: "ìlà kẹ̀kẹ́ onígbà díẹ̀", "ojú kẹ̀kẹ́ adélé" àti "ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àdánwò". Mo rí ohun tí ẹni tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rò, síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ìkankan.

"Ìlà" ló ká mi lára jù. Ọ̀dà lásán ni ìlà. Mo gun kẹ̀kẹ́ lórí ìlà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo sì bá ọkọ̀ kan tó páàkì sórí rẹ̀, táyà méjì nínú, méjì níta. Mo yà bọ́ sáàárín títì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ apá aṣọ mi bó ṣe ń kọjá. Ìlà náà wà níbẹ̀, funfun báláú, kò gbà mí sílẹ̀. Ohun tó ń dáàbò boni ni òpó rọ́bà tó máa ń tẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbá a tó sì tún ń dìde, tàbí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, tàbí ìkòkò òdòdó ńlá tí wọ́n tò. Ìdí tí mo fi mú "ipa" nìyẹn: odò ní ipa tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà yẹ kó ní. Ẹnì kan ní èèyàn lè rò pé àmì táyà lórí yẹ̀pẹ̀ là ń sọ, bí ipa ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ náà, bí a bá ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ọ̀nà ló ń dà.

"Ojú" dùn létí nítorí ojú irin, àmọ́ irin la tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kọ́ la tẹ́ síbí.

"Adélé" ńkọ́? Adélé ń ṣọ́ àga de ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ pé yóò lọ, "onígbà díẹ̀" náà sì ṣe bákan náà. Calgary ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ bí ìdánwò lóṣù kẹfà ọdún 2015. Lóṣù Kejìlá ọdún 2016 ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kó dúró títí. Lọ́dún 2020 Paris la nǹkan bí 50 kìlómítà, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ ní "coronapiste", wọ́n fi orúkọ àrùn kòrónà pè é. Púpọ̀ nínú wọn ló di ọ̀nà gidi. Ní Berlin, ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n fi kun tiwọn, torí ní Jámánì, ìlà yẹ́lò onígbà díẹ̀ ló ń borí funfun. Àwọ̀ ń sọ ohun tó yẹ kí orúkọ tiwa sọ: pé a ò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku "àdánwò". Ta ni kì í gbàdúrà kí Ọlọ́run mú àdánwò kọjá lórí òun? Ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ á gbọ́ pé ọ̀nà àdánwò ni, ẹ̀rù á bà á. Títì là ń dán wò, kì í ṣe ẹni tó ń gba ibẹ̀. "Àfidánwò", ohun tí a fi dán nǹkan wò, gbé e bó ṣe yẹ, ó sì bá "àfikún" àti "àfiwé" ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "àfi" lè rúni lójú, "àfikún" kò tíì rú ẹnikẹ́ni lójú rí. Ẹ gbọ́ ọ nínú gbólóhùn: "Wọ́n la ipa kẹ̀kẹ́ àfidánwò sí títì náà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á ka àwọn tó ń gbà á àti ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pinnu." Tí wọ́n bá ní kó dúró, "àfidánwò" nìkan la ó yọ.

Ibi tí mo ṣì ń rò ni "kẹ̀kẹ́" fúnra rẹ̀. Lẹ́nu, ó tó. Lórí pátákó, mo fẹ́ kí a kọ "ológeere" mọ́ ọn, torí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ń jẹ́ kẹ̀kẹ́, awakọ̀ rẹ̀ sì lè wọlé kó ní wọ́n pe òun. Kí lẹ rò?