Ìbọn wo ló bá ẹni tí ara rẹ̀ kéré mu?

Àbẹ̀ní béèrè:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn lu àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè, mo sì fẹ́ ra ìbọn tèmi. Mo kúrú, èjìká mi kò fẹ̀, apá mi kò sì gùn. Ìbọn géèjì 12 tí mo ń yá lò (géèjì ni ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀pá irin ìbọn; bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni ọ̀pá ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó) máa ń gúnlẹ̀ sí apá mi dípò èjìká, ó sì ń ta ìpá débi pé mo máa ń di ojú kí n tó yìn ín. Ẹnì kan ní kí n ra .410, ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti géèjì 20 lọ, nítorí pé ó kéré. Ẹlòmíràn ní kí n wá géèjì 20 tó fúyẹ́ jù lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé a sì lè gé ìdí ìbọn kó lè bá mi mu?

Àkànní dáhùn:
Àbúrò, ẹ fi ọ̀rọ̀ géèjì sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹ sọ nípa apá yẹn fi hàn pé ìdí ìbọn náà gùn jù fún yín. Láti ibi irin tí ìka ń fà títí dé àárín òpin ìdí ìbọn, ọ̀pọ̀ ìbọn tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún àgbàlagbà máa ń tó íǹṣì 14 sí 14½, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kúrú lè nílò 13 tàbí kó dín díẹ̀. Tó bá gùn jù, ẹ ó máa na ọrùn síwájú, ẹ ó sì máa fi ẹ̀yìn tì láti lè gbé e dúró, ìpá tó bá sì ta lórí ìdúró bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe é fara dà. Tó bá kúrú jù, àtàǹpàkò ọwọ́ tí ẹ fi di ìbọn mú ni yóò máa gbá yín nímú.

Ẹ ṣí ìbọn, kí ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ẹ wọ aṣọ tí ẹ ó máa fi yìnbọn, kí ẹ wá gbé e lé èjìká. Kí ẹlòmíràn wo ẹ̀gbẹ́ yín: àlàfo ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín imú àti àtàǹpàkò yẹn. Àwọn kan máa ń gbé ìdí ìbọn sínú ìgbọ̀nwọ́ láti wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n èmi kì í gbára lé ìyẹn, nítorí kò sọ ohunkóhun nípa ọrùn àti èjìká.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn dáhùn:
Òótọ́ ni Àkànní sọ. Ní ti .410, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹni tó ti mọwọ́ ìbọn dáadáa ló lè fi í lu àwo léraléra. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò kàn máa tàsé títí yóò fi sú u. Géèjì 20 dára, àmọ́ kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Bí kátíríìjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìbọn tó bá fúyẹ́ ló ń ta ìpá jù. Géèjì 12 tó wúwo tó kílò 3.4, tí a fi kátíríìjì tí ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 21 tàbí 24 sí, lè rọrùn fún èjìká ju géèjì 20 fẹ́rẹ́fẹ́ tí a ki gíráàmù 28 sí. Bí apá yín bá lè gbé e léraléra láìgbọ̀n, ìwọ̀n yẹn kò pọ̀ jù. Ìbọn tó ń fi gáàsì inú ara rẹ̀ ki kátíríìjì tó kàn náà máa ń dín ìpá kù, nítorí pé ó ń pín agbára náà sí àkókò tó gùn díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá ní ìbọn méjèèjì nílé: kátíríìjì géèjì 20 kò gbọ́dọ̀ wọ inú géèjì 12 láéláé. Yóò yọ̀ wọlé, yóò há sínú ọ̀pá irin, bí ẹ bá sì tún ki ti 12 sẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ yìn ín, ọ̀pá náà lè bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

Àdùkẹ́ dáhùn:
Ẹ̀yin ọkùnrin ò ní rántí èyí: igun ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn máa ń gún àwa obìnrin láyà. Alágbẹ̀dẹ lè yí òpin ìdí náà padà díẹ̀, kó dẹ igun yẹn síta, kó lè jókòó pẹrẹsẹ. Bí ọrùn yín bá gùn, ẹ ní kó gbé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé sókè pẹ̀lú. Ẹ gbé ìbọn òfìfo lé èjìká pẹ̀lú ojú dídì, kí ẹ wá la ojú: bí ẹ̀yìn ìbọn nìkan ni ẹ rí, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé lọ sílẹ̀ jù, bí ẹ bá rí gbogbo òkè ọ̀pá irin bí ọ̀nà gbọọrọ, ó ga jù.

Àbẹ̀ní:
Ẹ ṣeun gan-an. Ní ti gígé ńkọ́?

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn:
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí pé igi tí a bá gé kò ṣeé lẹ̀ padà láìhàn. Ẹ tọ́jú èyí tí a gé, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín lè nílò rẹ̀. Bí ìdí bá ti fúyẹ́ sí i, iwájú yóò máa wọ́lẹ̀, ẹ lè ní kí a fi òjé díẹ̀ sínú ìdí náà. Èyí tó ní àwọn awẹ́ tí a lè yọ tàbí fi kún ìdí rẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ wá, bí mo bá jẹ́ yín.

Àkànní:
Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí ojú tó ń darí yín, ìyẹn èyí tí ẹ ń gbára lé jù bí ẹ bá la ojú méjèèjì wo nǹkan. Bí ojú òsì ló ń darí, tí ẹ sì ń gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, bó ti wù kí ìdí náà bá yín mu tó, ẹ ó ṣì máa tàsé.