Ṣé orí fíìmù (ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀) ni kó wà lóde róòlù tí a bá ń fi ránṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi fíìmù 35mm han èrò ní sinimá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àwọn róòlù tó dé ọwọ́ mi láti sinimá mìíràn, ìdí (ìparí fíìmù) ló wà lóde, kò sì sí ìwé kankan nínú agolo tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò le. Èyí tó bí mi nínú ni pé ẹnìkan ti ha àmì ìpààrọ̀ tirẹ̀ (àmì tó ń sọ ìgbà tí a ó bọ́ sórí róòlù tó kàn) sára fíìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọgbẹ́ fíìmù kì í kúkú jinná! Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn mi, àbí òfófó nìyẹn? Tí mo bá sì ń dá a padà, ṣé kí n yí i padà kí orí rẹ̀ lè wà lóde ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a?