Ọjọ́ kan ní èbúté pẹ̀lú ọmọ kékeré àti màmá àgbà: ká ra ìrìnàjò ọkọ̀ ni, àbí ká dá lọ?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa 5 la fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan: èmi àti ọkọ mi, ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 9, pẹ̀lú màmá wa tí orúnkún ń dà láàmú. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ máa dúró ní èbúté láti aago 8 àárọ̀ di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní orí omi ló máa ju ìdákọ̀ró sí, ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé wa dé ilẹ̀. A kò fẹ́ kánjú rárá. Ṣé ká ra ìrìnàjò orí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń tà, àbí ká dá lọ?

Èsì 1
Ẹ kọ́kọ́ yọ aago 5 kúrò lọ́kàn, ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí nìyẹn. Èyí tó kàn yín ni aago tí ọkọ̀ kékeré tó kẹ́yìn máa kúrò létíkun. Ó sábà máa ń tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 ṣáájú. Ẹ ó rí i nínú ìwé ètò ọjọ́ náà tàbí lórí áàpù ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ká ní 4:30 ni, ẹ ti wà lórí ìlà ní 3:15, torí wákàtí tó kẹ́yìn ni gbogbo èrò ń ya bo ibẹ̀. Láàárọ̀ ńkọ́? Àwọn aláṣẹ ìlú á kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò, àwọn tó ra ìrìnàjò ọkọ̀ á ṣáájú, àwọn yòókù á gba nọ́ńbà. Ẹ lè má tẹ ilẹ̀ títí di nǹkan bí aago 10. Nínú wákàtí 9, bíi 5 péré ló jẹ́ tiyín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sí i: etíkun tàbí ọjà, kí ẹ jẹun, ó tán.

Aago ọkọ̀ àti ti ìlú lè má bára mu, fóònù á sì yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ fi aago ọwọ́ kan sí aago ọkọ̀.

Èsì 2
Ọ̀rọ̀ màmá ló jẹ mí lógún. Ìgbì máa ń gbé ọkọ̀ kékeré sókè sódò, èèyàn ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ ńlá àti kékeré fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á di apá màmá méjèèjì mú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbé ìgbésẹ̀ kan, wọ́n lè má jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè nídìí káńtà àlejò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí màmá bá dúró sínú ọkọ̀, wọn ò pàdánù: ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ èbúté.

Bí òkun bá ru, wọ́n lè fagi lé bíbọ́ sílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹ má san owó tí kò ṣeé gbà padà fún ẹnikẹ́ni níta ọkọ̀.

Oògùn èébì: meclizine kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Dimenhydrinate ni wọ́n ń fún àwọn tó ti pé ọdún 2, ìwọ̀n rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àgbà, ẹ bi apòògùn. Kí wọ́n lò ó ní bí wákàtí 1 kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kékeré, torí lẹ́yìn tí inú bá ti ń rú, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Èsì 3
Ọ̀nà jíjìn ló ń pinnu èyí. Ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹ dá lọ. Ibi tó jìnnà, bíi Róòmù tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí èbúté Civitavecchia, ẹ ra ti ọkọ̀: bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró tàbí kí wọ́n ṣètò bí ẹ ó ṣe bá a.

Ẹ mú káàdì yàrá àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà dání, ojúlówó tí ìlú náà bá béèrè rẹ̀. Bísíkíìtì tí a kò tíì ṣí dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú kò gba èso àti ẹran láti inú ọkọ̀. Bí ẹ bá padà, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus, kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Bí a bá wá pẹ́ ńkọ́?

Èsì 3
Ọkọ̀ á lọ. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté wà nínú ìwé ètò, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pè é kíákíá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n máa ń wá ìwé ìrìnnà ẹni tó pẹ́ nínú yàrá, wọ́n á fi sílẹ̀ fún aṣojú náà. Owó dídé èbúté tó kàn, ẹ̀yin lẹ máa san án. Bí èbúté yẹn bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ lè nílò físà tirẹ̀, torí náà ẹ wo ọ̀rọ̀ físà gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó kúrò nílé.