Ọdún wo gan-an ni wọ́n bí Zora Neale Hurston, báwo ló sì ṣe dé yunifásítì?

Olùkàwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé kan ní 1891 ni wọ́n bí òǹkọ̀wé yìí, bẹ́ẹ̀ 1901 ló wà lára òkúta ibojì rẹ̀. Àwọn kan ní Eatonville ní Florida ni, àwọn mìíràn ní Alabama. Èwo la ó gbà? Ta ló sì rán an lọ sí Barnard, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ní New York, nígbà tí bàbá rẹ̀ ò sanwó ilé-ìwé mọ́?

Onígègé:
Ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1891 ni, ní Notasulga, Alabama. Ètò ìkànìyàn ọdún 1900 fi 1891 hàn, ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní ìdí láti gé ọjọ́ orí ọmọ náà kù. Ó ṣì kéré gan-an nígbà tí wọ́n kó lọ sí Eatonville, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fúnra wọn ní 1887. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, làwọn ẹlòmíràn bá ń dà á kọ.

Ti 1901 wá. Ìyá rẹ̀, Lucy, tó máa ń ní kí àwọn ọmọ òun fò mọ́ oòrùn, kú ní 1904. Bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n rán Zora lọ sí ilé-ìwé ní Jacksonville, owó ò sì dé mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kiri. Nígbà tó dé Baltimore ní 1917, ẹni ọdún 26 ni. Òfin Maryland ní ọmọ ọdún 6 sí 20 nìkan ló lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yọ ọdún 10 kúrò, ó wọlé. Kò dá ọdún náà padà títí ó fi kú ní 1960. 1901 yìí náà ni òǹkọ̀wé Alice Walker kọ sára òkúta tó gbé sórí ibojì rẹ̀ ní 1973. Èmi ò lè dá Zora lẹ́bi pé ó gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí nìyẹn.

Àkàgbádùn:
Òótọ́ ni. Ó parí ẹ̀kọ́ girama ní ilé-ìwé Morgan ní Baltimore ní 1918, ó kọjá sí yunifásítì Howard ní Washington. Èékánná àwọn oníbàárà ló ń tọ́jú ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kó lè rówó san. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ló gbà ní 1920. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, The Hilltop, tí òun àti ẹlòmíràn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924, ṣì ń jáde.

Ó wọ New York ní oṣù kìíní 1925 pẹ̀lú dọ́là kan àtààbọ̀. Annie Nathan Meyer, ọ̀kan lára àwọn tó dá Barnard sílẹ̀, ló bá a wá àyè àti ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Zora nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Franz Boas kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà wọn, ó ní kó máa fi irin ìwọ̀n wọn orí àwọn èèyàn ní àárín títì Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Ó gba digirì ní 1928: ẹni ọdún 37 tí wọ́n rò pé 27 ni.

Onígègé:
Ẹ má gbàgbé 1927. Ó padà sí Florida lọ gba àlọ́ àti orin jọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo bọ̀. Èdè àwọn ọ̀mọ̀wé Barnard ló fi ń bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n mọ àlọ́ kankan. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní bóyá ìlú kejì. Ìgbà tó tún padà lọ, tó jókòó tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé, ni wọ́n tó la ẹnu.