"Asẹ́èéfín" kò lè jẹ́ orúkọ gbogbo wọn

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé, lédè Yorùbá, ká máa pe gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n fi ń dín oró èéfín kù lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ní "asẹ́èéfín", ìyẹn ohun tó ń sẹ́ èéfín bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbé e síta, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Ọkọ̀ tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni Land Cruiser FJ60 kan tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ìdànrè. Olóko kòkó kan ló ni ín. Ẹ́ńjìnnì 2F ló wà nínú rẹ̀, onísílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, òfin ìdènà ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 1970 ló sì kó gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí àti rọ́bà tín-ín-rín tó so wọ́n pọ̀ sí i lára. Mẹkáníìkì tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì sí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yà tó rí rìbìtì nítòsí kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀), tí rọ́bà kan wọ orí rẹ̀. Kò sẹ́ nǹkan kan. Díẹ̀ nínú èéfín tó ti ń jáde lọ ló ń dá padà, kí ó bá afẹ́fẹ́ àti epo tuntun wọlé. Èéfín yìí ti jóná tán, kò lè jó mọ́. Ṣe ló ń gba àyè, tí iná inú sílíńdà á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Bí iná náà bá gbóná jù, náítrójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so pọ̀, á di oró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo pè é ní "adáèéfínpadà". Ọ̀gá mẹkáníìkì fi ẹnu fa rọ́bà orí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Kíá, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó kú. A mọ̀ pé ó ṣì dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ pé asẹ́ ni, á rò pé ìdọ̀tí ti dí i. Á yọ ọ́, á fi bóòtù dí ihò rẹ̀, ọkọ̀ á wá máa dún ko-ko-ko bó bá ń gòkè Ìdànrè, wọn á ní epo ni kò dáa.

Páǹpù tí bẹ́líìtì ń yí níwájú ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tútù lásán lèyí ń fẹ́, ó ń fẹ́ ẹ sí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde nínú sílíńdà, kí epo tí kò jóná tán lè rí ohun tí yóò fi jó tán kó tó dé sàlẹ́ńsà. Kí ni alágbẹ̀dẹ ń pe ohun tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹyinná? Ẹwìrì! Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ní Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún títí dòní, àwọn àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnìkan lè ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ ẹwìrì, bẹ́líìtì ló ń yí èyí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo wò. Àmọ́ kí a má pè é ní "ẹwìrì èéfín" o, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé èéfín ló ń fẹ́. "Ẹwìrì ẹ́ńjìnnì" tó.

Agolo dúdú tó ní páìpù lórí, èédú ló kún inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn, oru epo á máa gbéra láti inú táǹkì àti kábúrétọ̀, èédú á gbà á mọ́ra, ẹ́ńjìnnì á sì fà á jó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Oru epo ni, nǹkan kan kò tíì jó níbẹ̀, èéfín wo la wá ń sọ? Mo ti ro "agborupamọ́". Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà mì í, ó gbọ́ èédú tó ti fọ́ tó ń ró wóró-wóró, ó ní, "Ọ̀gá, agolo èédú yìí ti bàjẹ́." Tirẹ̀ ni mo mú.

Ibi tí "asẹ́" ti fẹ́ jọ òótọ́ ni kátálíìsì, agolo kan tí èéfín ń gba inú rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1975. Òun náà kì í sẹ́ èéfín, ó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ni. Òjé inú bẹntiróòlù ló máa ń pa á, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni wọ́n tó fòpin sí bẹntiróòlù olójé ní àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà.

Ó ku ẹyọ kan tí n kò rí orúkọ fún: fáàfù kékeré tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbá lára, tí kì í jẹ́ kí adáèéfínpadà ṣiṣẹ́ àfi bí omi náà bá gbóná. Ta ló ní orúkọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èéfín sí i.