Èsì: «Àtúnṣe sọ́fúwíà» kẹ̀? Ojú ò sí nínú ẹ̀ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí sọ́fúwíà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ tán, tí òyìnbó ń pè ní maintenance, «àtúnṣe» ni ká máa pè é. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá.

«Tún» yẹn gan-an ni ìjà mi. Nǹkan á ti bàjẹ́ ká tó tún un ṣe. Télọ̀ ni bàbá mi. Gbogbo alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń dojú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn délẹ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kan epo sí gbogbo oríkèé ẹ̀, wọ́n á fa òwú tó há sábẹ́ eyín ẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n wọ́n á ní «mò ń tọ́jú ẹ̀rọ mi». Ọjọ́ tí bẹ́líìtì já ni wọ́n sọ pé àwọn ń tún un ṣe. Bàbá ò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì lò rí.

Tọ́jú, bójútó, mójútó: ojú ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Èwo ló wà nínú àtúnṣe?

Sọ́fúwíà Troggle tí Ẹ̀gbọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ náà ò gbè wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ ihò àpáta ní Yunifásítì Cambridge ló ni ín, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìn àjò wọn sí orí òkè Austria, tí wọ́n ti ń lọ láti 1976. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fúwíà, àti Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù lórí Python, ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ni Python pa Python 2, ẹ̀yà àtijọ́ ẹ̀, tì ní 2020, kò sí ihò kankan tó yí padà, kò sí nọ́ńbà tó bàjẹ́, síbẹ̀ gbogbo sọ́fúwíà tó wà lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá tún ṣe níbẹ̀ o?

Èyí tó tiẹ̀ le jù ni pé nínú iṣẹ́ wíwọn ihò yìí, ẹni tó bá ń «tún» àkọsílẹ̀ ṣe ló ń bà á jẹ́. Ẹ wo bí fáìlì Survex, sọ́fúwíà tó ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n nínú ihò di àwòrán ilẹ̀, ṣe máa ń rí:

3 4 7.82 215 -12

Láti ojú ìwọ̀n kẹta dé ojú ìwọ̀n kẹrin, mítà 7.82, kọ́ńpáàsì 215, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n 12. Ká ní ẹni tó di kọ́ńpáàsì mú nínú òkùnkùn kà á sódì, ó pè é ní 035, wọ́n á yípo ihò náà padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ò sì ní pàdé. Alábòójútó gidi ò ní pa 035 rẹ́. Á fi àmì «;» síwájú ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà fò ó, á kọ 215 sábẹ́ ẹ̀, á kọ ọjọ́ àti ìdí. Ìwé tí wọ́n fi ẹrẹ̀ yí nínú ihò náà ńkọ́? Wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀ pa mọ́ bó ṣe wà.

Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ihò tí Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, ti hú egungun èèyàn jáde ní 1965, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, «Iwo Eleru» ló wà nínú ìwé. Ìwo kẹ̀? Ìwo wà lórí màlúù. Ihò Eléérú ni, oní àti eérú ló di eléérú. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa orúkọ òdì yẹn rẹ́ lónìí, ta ló máa rí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀? Ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Àbúrò tó ní «ẹsẹ̀» ni ká máa pe àárín ojú méjì torí pé òyìnbó ń pè é ní leg, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹsẹ̀ wo ni ihò ní? Ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan, «ojú ìwọ̀n» ti tó. Ti àárín ẹ̀, téèpù ni wọ́n ń nà, «ìnà téèpù» ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìnà ni wọ́n ń na ọmọ. Kó mú tiẹ̀ wá nígbà náà. Ẹsẹ̀ ni mi ò gbà.